Òdòdó Ìrẹsì Ti Yọ, Wọ́n Ṣì Ń Dúró De Àlejò

Agatha Olúwadára ni wọ́n ṣẹ̀. Ìyá Happiness ni gbogbo wa ń pè é. Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ wa gba oko ìrẹsì etí odò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní òun ló fi ajílẹ̀ jó o.

Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ó dá mi lójú, nítorí ohùn mi wà nínú irọ́ náà.

Tómisìn ni orúkọ mi. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì. Tí ẹ bá ń gbé Kàdúná, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ mi lórí rédíò. Èmi ni mo máa ń pariwo pé kí wọ́n yé lé àwọn obìnrin tó ń gbá títì dànù bí ẹni da omi ẹsẹ̀ nù. Mo ti gbé páálí dúró nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì àwọn alágbára. Èmi àti ọlọ́pàá ti jọ fa páálí yẹn mọ́ra wa lọ́wọ́.

Láàárín àwọn tó mọ̀ mí láti kékeré, níbi tí kò sí ọlọ́pàá kankan, mo dákẹ́.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wá láti Kogi ni ẹgbẹ́ wa. Kakuri la ti ń pàdé, nínú gbọ̀ngán kékeré kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti tì pa. Inú ilé iṣẹ́ yẹn ni Ìyá Happiness ti ń hun aṣọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, ẹgbẹ́ fún un ní fàdámà kan dá, ilẹ̀ ẹrẹ̀ etí odò lẹ́yìn Kinkinau. Ìdajì ìrẹsì tó bá jáde níbẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, òun la fi ń se oúnjẹ ọjọ́ ìkórè. Ìdajì tó kù ni òun àti Happiness ọmọ rẹ̀ ń jẹ, òun náà ló ń tà kí ọmọ lè lọ sílé ìwé. Kò ní ilẹ̀ mìíràn. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tó bá ba irè ẹgbẹ́ jẹ́ kò ní dá oko náà mọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ ní láti mọ̀ nípa wa. A kì í lo ẹ̀bùn tí a kò bá tíì fi lọ́lẹ̀. Pásítọ̀ gbọ́dọ̀ gbàdúrà sí i, ẹni ńlá kan gbọ́dọ̀ gé rìbọ́ọ̀nù, ẹni tó mú un wá gbọ́dọ̀ dúró ti ẹni ńlá náà kí wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n fún wa ní àga oníke, inú ọ̀rá ni àwọn àga náà wà fún oṣù bí i mélòó kan. Àwọn ìyá àgbà ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń wò wọ́n. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n àga lè dúró de àlejò. Ìrẹsì kò lè dúró.

Alàgbà Bádéjọ, alága wa, ló ra ajílẹ̀ náà. Ọ̀gá ni nílé iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní bí ọ̀gá ló ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ajílẹ̀ olómi ni, náítírójìn tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n ń fín sí ewé dípò kí wọ́n dà á sílẹ̀. Nígbà tí àwọn páálí rẹ̀ dé, ìrẹsì Ìyá Happiness ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Orí ìrẹsì ti wà nínú igi rẹ̀, igi náà ti wú, ṣùgbọ́n orí kò tíì yọ síta.

Mo lọ bá Alága nílé rẹ̀ ní Doka.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Àkókò ajílẹ̀ yẹn ló dé yìí. Ká fín in ní ìdájí, tàbí nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, kí orí ìrẹsì tó yọ. Tí òdòdó bá ti jáde, ó ti bọ́."

Ó ń fi igi tayín. Kò yọ ọ́ lẹ́nu kó tó dáhùn.

"Tómisìn, ṣé o fẹ́ kí n gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ bí ẹni tó jí i ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Abuja. Òun ló máa fi í lọ́lẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀, sà?"

"Nígbà tó bá rí ààyè nínú ọkọ̀ ojú irin. Àbí o fẹ́ kó gba títì, kí àwọn ará inú igbó gbé e?"

Kò rí ààyè lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìyàwó òun ń ṣe ọjọ́ ìbí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tilẹ̀ gbé fóònù. Àwọn páálí wà nínú yàrá kan ní gbọ̀ngán Kakuri. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lápò Alága.

Bí mo bá pàdé Ìyá Happiness ní ṣọ́ọ̀ṣì, á bi mí léèrè.

"Àlejò wa ńkọ́?"

"Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀, Mà."

"Kí wọ́n máa bọ̀ o. Kí wọ́n bá mi bẹ ìrẹsì náà kó dúró dè wọ́n."

A jọ rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi báyìí tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn.

Àlejò dé lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo ti wà lóko kí wọ́n tó na kánópì. Mo wọ inú ìrẹsì, ẹrẹ̀ bo kókósẹ̀ mi. Orí ti yọ tán. Bí oòrùn ṣe ń mú, èèpo wọn ń la, òdòdó funfun tín-ín-tín ń jáde létí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbọn orí kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dà síbẹ̀. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí òdòdó ìrẹsì fi ń ṣí lóòjọ́. Àsìkò yẹn ló ń gba ọmọ sínú. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í fín ohunkóhun sí i nígbà yẹn.

Mo sáré padà sábẹ́ kánópì. Alága ti dé, ó wọ agbádá funfun, ó ń bá àwọn tó ń to àga jà.

"Sà, ìrẹsì ti yọ òdòdó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Á hàn dáadáa nínú fọ́tò."

"Sà, tí a bá fín ajílẹ̀ yẹn sí i nínú oòrùn ọ̀sán, á jó ewé, á sì fọ lẹ́búlẹ́bú òdòdó dànù. Òfìfo la máa kórè."

"Ajílẹ̀ tí mo fowó mi rà ni yóò sọ ọ́ di òfìfo?"

"Ajílẹ̀ náà dára, sà. Àkókò rẹ̀ ló ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi lásán sínú ẹ̀rọ ìfín, kí wọ́n fín in sí koríko etí oko, kí wọ́n fi ya fọ́tò. Ká tọ́jú ajílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí a bá tún gbìn."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"Kí n fi omi lásán tan ọ̀rẹ́ mi jẹ? Kristẹni ni mí, Tómisìn."

Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa sọ nígbà tó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí o ti sìnlú tán, kí lò ń ṣe? O ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ABD. Ọkùnrin tó ń bọ̀ yìí, ọ́fíìsì wọn ń wá àwọn tó ka irú ìwé tí o kà. Mo ti sọ fún un pé ọmọ wa kan wà. Ìwọ ni mo fẹ́ gbé máìkì fún lónìí. Jẹ́ kó gbọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀. Àbí àwọn tó ń gbá títì nìkan lo lè gbẹnu sọ fún?"

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rí ara mi lójú ẹsẹ̀, nínú ọ́fíìsì kan ní Abuja, pẹ̀lú káàdì lọ́rùn. Mo rí ìyá mi tó ń fi fọ́tò mi han àwọn aládùúgbò. Mo rò ó pé bóyá díẹ̀ ló máa bàjẹ́. Mo rò ó pé tí mo bá ti wọ iṣẹ́ yẹn, màá ran Ìyá Happiness lọ́wọ́ ju bí mo ṣe lè ràn án lọ́wọ́ báyìí lọ. Báyìí ni àwọn tí mo ń bú lórí rédíò ṣe máa ń rò ó. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi.

Bí mo ṣe ń rìn lọ síbi máìkì, Malam Àbdùlsàlámì dá mi dúró. Hausa ni, oko tirẹ̀ wà lódì kejì ebè tó pààlà pẹ̀lú tiwa, ọjọ́ kan náà ni òun àti Ìyá Happiness gbìn. Alága ti fún un ní ìgò ajílẹ̀ kan kí òun náà lè wà nínú fọ́tò.

Ó fi Hausa bi mí bóyá kí òun náà fín in.

"A'a, Malam," ni mo dá a lóhùn. "Kar ka fesa yanzu. Ya riga ya yi fure." Mo ní kó má fín in, pé ó ti yọ òdòdó.

"To, na gode," ló fi dúpẹ́, ó sì fi ìgò náà sápò kafutánì rẹ̀.

Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Kò ná mi ní nǹkan kan láti sọ òótọ́ fún ẹni tí kò lè fún mi níṣẹ́.

Àlejò dé nígbà tí oòrùn dúró sí àtàrí. Mo gba máìkì. Mo fi Yorùbá sọ ọ́, mo fi Hausa sọ ọ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó dùn létí kádìí rẹ̀. Mo ní ajílẹ̀ yìí máa mú kí ìrẹsì gbó kó tóbi. Mo ní Alága wa ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá Happiness ti gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn. Ó sún mọ́ mi kí ó tó wọ inú ìrẹsì.

"Tómisìn ọmọ mi, ìwọ lo kàwé ẹ̀. Oòrùn yìí kò ha mú jù? Ṣé ká máa fín in lọ?"

Alága ń wò mí. Àlejò ń wò mí. Ephraim tó ń ya fídíò ti gbé fóònù sókè.

"Ẹ máa fín in, Mà," ni mo wí.

Ó fín in. Ó fín in dáadáa, láti etí oko kan dé èkejì, kò fo ibì kankan.

Àlejò wá omi fọ ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀, ó jẹun, ó wọkọ̀. Kò béèrè orúkọ mi.

Kò pẹ́ tí etí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ohun tí iná rá. Mo ń sọ fún ara mi pé á yọ ewé tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí orí ìrẹsì wúwo kó tẹ̀ wálẹ̀, tiwa dúró ṣánṣán. Ó funfun, ó fúyẹ́, atẹ́gùn ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lódì kejì ebè, ìrẹsì Malam Àbdùlsàlámì ti doríkodò.

Ìyá Happiness bu ẹ̀kúnwọ́ kan wá sípàdé nínú igbá. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i níwájú gbogbo wa. Gbogbo rẹ̀ fò, ìyàngbò ni.

"Ẹ wo ohun tí mo rí kórè," ló wí.

Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ìyá Happiness, báwo lẹ ṣe pò ó?"

"Ìdérí ìgò tí wọ́n wí náà ni mo fi wọ̀n ọ́n, sà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ìdérí ìgò ni, sà."

Láńre, àbúrò ìyàwó Alága, ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tó ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì ní Kakuri, ta ló ní kó pò oògùn? Ó rò pé aró ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Happiness kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Tómisìn wà níbẹ̀," ló wí. "Òun ló ní kí n fín in. Ẹ bi í bóyá mo ṣe nǹkan kan yàtọ̀ sí ohun tó wí."

Gbogbo ojú yí sí mi. Alága fi awò rẹ̀ padà sójú. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́: "Tómisìn, ìwọ ni onímọ̀ wa. Ṣé ó ṣeé ṣe kó pọ̀ jù?"

Ìbéèrè yẹn mọ́ bí omi. Lóòótọ́, bí ó bá pọ̀ jù, á jó ewé. Gbogbo ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Mi ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan láti Abuja, mo ṣì ń retí rẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe, sà," ni mo wí.

Gbólóhùn yẹn nìkan ni. Wọ́n kò jẹ́ kí n tún sọ òmíràn, èmi náà kò gbìyànjú. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti gba oko. Wọ́n fún Láńre.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra búrẹ́dì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kinkinau. Mo fẹ́ lọ tu Ìyá Happiness nínú. Ẹ gbọ́ bí ojú mi ṣe le tó. Èmi tí mo ti tà á, mo fẹ́ lọ bá a kẹ́dùn.

Mo bá Malam Àbdùlsàlámì lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìyá náà. Ó gbé ìrẹsì tuntun wá fún un nínú ike, láti inú oko tirẹ̀. Ìyá Happiness ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Hausa. Happiness dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bí Malam ṣe rí mi, inú rẹ̀ dùn. "Ga ta nan," ló wí, pé èmi rèé. Ó wá ń sọ fún Ìyá Happiness pé èmi ni òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé bí kì í bá ṣe èmi, òun náà ì bá ti fín nǹkan yẹn. Ó ní mo sọ fún òun pé òdòdó ti yọ, kí òun má fín in. Ó nawọ́ sí ike ìrẹsì náà. "Ìmọ̀ràn rẹ ló wà nínú ike yìí," ni ìtumọ̀ ohun tó wí.

Ìyá Happiness kọjú sí mi.

"Ìgbà wo lo sọ fún un?"

Mo wo búrẹ́dì ọwọ́ mi.

"Ṣáájú kí n tó bi ọ́ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ṣáájú, Mà."

Malam Àbdùlsàlámì ń wo ojú wa, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó kí wa, ó lọ.

"Ṣáájú," ni Ìyá Happiness tún wí. "O sọ fún Malam. O wá yíjú sí mi, o ní kí n máa fín in. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí ìyá rẹ wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ dákun, Mà."

"Má bẹ̀ mí. Wọ́n ti gba oko."

Happiness kì í bá wa sọ Yorùbá. Tí a bá bá a sọ ọ́, Hausa ló máa fi dáhùn. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló sọ, ó sì rọra sọ ọ́ kí n lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àǹtí Tómisìn, ṣé inú rédíò nìkan lẹ ti máa ń sọ òótọ́?"

Mo gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Happiness gbé e, ó sáré tẹ̀ lé mi dé títì, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà.

Mo mọ̀ pé irú ìtàn báyìí máa ń parí sí ẹkún àti ìdáríjì. Ìyá Happiness kò dárí jì mí, mi ò sì retí rẹ̀. Ó ń bá àwọn èèyàn ro oko olóko kiri báyìí. Happiness ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí ebi pa wọ́n. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa ni, àwọn tó ń kọrin pọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Fọ́tò ni wọ́n fẹ́. Iṣẹ́ ni èmi fẹ́. Obìnrin kan san án fún gbogbo wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, tí ẹ máa ń bú ìjọba lójoojúmọ́, ẹ wo inú ẹgbẹ́ yín, ẹ wo inú ilé yín. Ibẹ̀ ni ẹnu yín ti máa wúwo.

Mo padà sípàdé. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò Alága, òdòdó, oòrùn ọ̀sán, ohun tí mo sọ fún Malam àti ohun tí mo sọ fún Ìyá Happiness.

"Ẹnu rẹ kan náà ló ní ó ṣeé ṣe kó pọ̀ jù," ni Láńre wí. "Èwo ni ká gbà?"

"Èyí tí mò ń sọ báyìí. Irọ́ ni mo pa nígbà yẹn, nítorí iṣẹ́."

Ìyá àgbà kan pòṣé. Mo kọjú sí iwájú.

"Alàgbà Bádéjọ, ẹ dìde, kí ẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí pé ẹ̀yin lẹ ti ajílẹ̀ mọ́lé títí àkókò rẹ̀ fi kọjá. Kí ẹ dá oko Ìyá Happiness padà fún un."

Alága ń wo fóònù rẹ̀. Akọ̀wé wúkọ́ díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tó kàn ni ti ẹ̀rọ amúnáwá tuntun tí wọ́n fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, pé ó ṣì wà nínú páálí, pé a ń dúró de ẹni tó máa wá fi í lọ́lẹ̀. Ooru mú nínú gbọ̀ngán, kò sí iná, gbogbo wa ń fi nǹkan fẹ́ra.

Mo ṣì wà lórí ìdúró.

"Ẹ dá oko Ìyá Happiness padà fún un," ni mo tún wí.

Akọ̀wé ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.